Kí ló dé tí ìbò àárín London kì í bọ́ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ Conservative?

Ìbéèrè: Òǹkàwé kan kọ̀wé láti Bódìjà pé: "Ọmọ mi obìnrin ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní London. Ó ní nínú gbogbo àwọn tí àwọn jọ ń ṣiṣẹ́, òun kò rí ẹnì kan tó ń dìbò fún ẹgbẹ́ Conservative, bẹ́ẹ̀ Kemi Badenoch tó jẹ́ ọmọ wa ló ń darí rẹ̀. Àwọn èèyàn yìí ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, wọn ò fẹ́ owó orí tó pọ̀, wọn ò fẹ́ ìwà ìpáǹle ládùúgbò. Kí ló wá dé tí ẹgbẹ́ náà kò fi wù wọ́n? Ṣé ọmọ mi tiẹ̀ lè dìbò níbẹ̀ pẹ̀lú ìwé ìrìnnà Nàìjíríà?"

Ìdáhùn: Ẹ kú ìbéèrè o, ẹ sì kú àdúrótì ọmọ. Ti ìwé ìrìnnà kò le, n ó dáhùn rẹ̀ nísàlẹ̀. Ti ẹgbẹ́ yẹn ló gba àlàyé.

Ohun tó ń jẹ́ Conservative, ìpamọ́ ni. Ẹgbẹ́ náà ń sọ fún aráàlú pé: ohun tí ẹ ní, a ò ní jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ yín. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn létí ẹni tó ní ilé, tó ní owó ìfẹ̀yìntì, tó ní àdúgbò tó ti mọ́ ọn lára. Àmọ́ ẹni tó ń san owó ilé lóṣooṣù, tí kò mọ̀ bóyá lándílọ́ọ̀dù yóò lé òun lọ́dún tó ń bọ̀, kí ni wọ́n fẹ́ bá a pa mọ́? Ìdí mìíràn wà tí ẹgbẹ́ yìí fi ń fìdí rẹmi ní ìlú ńlá, ṣùgbọ́n orí èyí ni gbogbo wọn jókòó lé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe tóbi tó. Nínú ìbò oṣù Kejìlá ọdún 2019, Conservative kó ìdá 43.6 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò gbogbo Ìlú Ọba, ó sì gba ìjókòó 365. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin oṣù Keje ọdún 2024, ìbò rẹ̀ ti wálẹ̀ sí ìdá 23.7, ìjókòó rẹ̀ sì ku 121. Gbogbo ilẹ̀ náà ló bínú sí i lọ́jọ́ yẹn, kì í ṣe London nìkan. Ṣùgbọ́n ẹ wo London lọ́tọ̀. Ní 1987, lásìkò Margaret Thatcher tó jẹ́ olórí ìjọba láti inú ẹgbẹ́ náà, ìjókòó 58 nínú 84 tó wà níbẹ̀ ni tiwọn. Ní 2019 tí wọ́n wọlé wọ̀ọ̀rọ̀wọ́ káàkiri, 21 péré nínú 73 ni wọ́n rí ní London. Ní 2024, mẹ́sàn-án nínú 75. Manchester kò tíì yan aṣòfin kankan láti inú ẹgbẹ́ yìí láti 1987. Liverpool ti ṣíwájú rẹ̀, láti 1983. Àìsàn yìí ti wà lára kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ Brexit, ìyẹn bí Ìlú Ọba ṣe jáde kúrò nínú àjọ Yúróòpù.

Wọ́n máa ń sọ níbí pé Ìbàdàn lo mọ̀, o ò mọ Láyípo. London náà ní Láyípo tirẹ̀. Gbogbo ìjókòó mẹ́sẹ̀ẹ̀sán-án tó ṣẹ́ kù fún Conservative níbẹ̀ nínú ìbò 2024, etí ìlú ni wọ́n wà: Romford, Orpington, Old Bexley, Croydon South, Ruislip àti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Ibi tí èèyàn ti ní ilé tirẹ̀ nìyẹn, tó ní ọgbà lẹ́yìnkùlé, tó ń fi mọ́tò rìn. Ẹ fi ojú Àkóbọ̀ wò ó. Ní àárín ìlú, níbi tí wọ́n ti ń yá yàrá gbé, tí wọ́n ń wọ bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ lọ síbi iṣẹ́, wọn ò rí ìjókòó kan ṣoṣo. Kódà Cities of London and Westminster, ẹkùn ìdìbò tí ààfin Ọba àti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wà, bọ́ sọ́wọ́ Labour, ẹgbẹ́ tó ń bá wọn du ìjọba, lọ́dún 2024 fún ìgbà àkọ́kọ́.

Thatcher mọ̀ pé ilé ni kókó. Òfin ilé tí ìjọba rẹ̀ ṣe ní 1980 fún ẹni tó ń yá ilé káńsù, ìyẹn ilé ìjọba ìbílẹ̀, lẹ́tọ̀ọ́ láti rà á. Bó bá ti gbé ibẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, wọ́n á yọ ìdá 33 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò nínú iye rẹ̀. Bó bá ti pé ogún ọdún, ìdajì owó ni wọ́n á yọ. Ẹ fi ojú inú wo ọkùnrin awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan tó ti lo ogún ọdún nínú ilé káńsù. Ilé tí wọ́n díye lé ní 20,000 pọ́n-ùn, ó rà á ní 10,000. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó kun ilẹ̀kùn iwájú ní àwọ̀ tó wù ú, nítorí àwọ̀ kan náà ni káńsù máa ń kun ilẹ̀kùn gbogbo ilé òpópónà náà. Ẹni tó bá ń rìn kọjá yóò mọ ilé tí wọ́n ti rà. Ọkùnrin yẹn ti ní ohun tí yóò pa mọ́, ìbò rẹ̀ sì ti yí padà. Bíi mílíọ̀nù kan ilé ni wọ́n tà báyìí kí Thatcher tó gbé ìjọba sílẹ̀ ní 1990.

Ibi tó ti bàjẹ́ ni pé wọn ò kọ́ èyí tó tó láti fi rọ́pò. Wọ́n ta àgbàdo tán, wọn ò gbin òmíràn. Nígbà tí wọ́n ka èèyàn ní 2021, iye ìdílé tó ní ilé tirẹ̀ ní London kò tó ìdajì, bẹ́ẹ̀ ní gbogbo England lápapọ̀, ó lé ní mẹ́fà nínú mẹ́wàá. Iye ilé kan ní London sì ju owó iṣẹ́ ọdún mẹ́wàá òṣìṣẹ́ lọ, bí kò bá jẹun rárá, tí kò wọṣọ. Ilé-iṣẹ́ YouGov tó máa ń wádìí èrò àwọn olùdìbò rí i pé ní 2019, bí èèyàn bá ti pé ọmọ ọdún 39, ó ṣeé ṣe kó dìbò fún Conservative ju Labour lọ. Ní 2024, ọjọ́ orí yẹn ti sún di 63. Àwọn olóṣèlú ti máa ń sọ ọ́ tipẹ́ pé bí ọ̀dọ́ bá dàgbà, yóò wá bá àwọn. Kì í ṣe ewú orí ló ń mú wọn wá. Ilé tí wọ́n rà, ọmọ tí wọ́n bí sínú rẹ̀, owó ìfẹ̀yìntì tó ń pọ̀ sí i ní báńkì, àwọn yẹn ló ń mú wọn wá. Nígbà tí àwọn yẹn ò sì dé mọ́, ewú nìkan kò lè ṣe iṣẹ́ náà.

Ẹ ó ní àwọn aláàrin tó nílé ńkọ́, àwọn tí kò ṣe tọ̀tún, tí kò ṣe tòsì? Lọ́jọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, ìjọba Conservative lábẹ́ Liz Truss kéde pé òun yóò dín owó orí kù lọ́nà tó tóbi, owó yíyá ni yóò sì fi dí i. Àwọn ọlọ́jà owó fòyà, èlé gorí. Nínú oṣù Kẹwàá, èlé tuntun lórí owó tí báńkì ń yáni fi ra ilé ti kọjá ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: tọkọtaya kan jẹ 300,000 pọ́n-ùn lórí ilé, wọn yóò san án fún ọdún 25. Lórí èlé ìdá méjì, nǹkan bíi 1,272 pọ́n-ùn ni wọ́n ń san lóṣù. Lórí ìdá mẹ́fà, ó di 1,933. Àfikún 661 pọ́n-ùn lóṣooṣù, wọn ò sì kọ́ yàrá kan kún un. Truss kò lò ju ọjọ́ 49 lọ, ṣùgbọ́n lẹ́tà báńkì ń dé ẹnu ọ̀nà àwọn èèyàn fún ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀, bí àdéhùn oníkálukú bá ṣe ń parí. Ẹni tó fi ìbò rẹ̀ fún ẹgbẹ́ kan nítorí pé ẹgbẹ́ náà mọ owó ṣọ́, irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ kì í kúrò lọ́kàn rẹ̀ bọ̀rọ̀. Lójú tèmi, ọjọ́ yẹn ba ẹgbẹ́ náà jẹ́ lọ́dọ̀ àwọn aláàrin ju gbogbo àríyànjiyàn àṣà àti ìṣe lọ.

Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń yan olórí. Àwa náà mọ ìdìbò abẹ́nú dáadáa, a mọ̀ pé ohun tí èèyàn ń sọ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ nínú gbọ̀ngàn kọ́ ló ń sọ ní Dùgbẹ̀. Ní ti Conservative, àwọn aṣòfin wọn á dín àwọn olùdíje kù sí méjì, lẹ́yìn náà ọmọ ẹgbẹ́ tó ń san owó ẹgbẹ́ á yan ọ̀kan. Ní 2024, ọmọ ẹgbẹ́ 131,680 ló lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò yìí. Badenoch rí 53,806, Robert Jenrick rí 41,388. Iye àwọn tó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò ní gbogbo Ìlú Ọba lọ́dún kan náà sì tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 48. Ọ̀pọ̀ nínú ọmọ ẹgbẹ́ wọ̀nyí jẹ́ àgbàlagbà tó ní ilé, tí kì í gbé àárín ìlú. Ẹni tó bá fẹ́ borí lọ́dọ̀ wọn yóò kọ orin tí wọ́n fẹ́ gbọ́. Bó bá wá jáde sígboro, orin náà á ti mọ́ ọn lẹ́nu. Theresa May, tó jẹ́ alága ẹgbẹ́ náà nígbà náà, ti kìlọ̀ èyí fún wọn níbi àpéjọ ẹgbẹ́ ní Bournemouth lọ́dún 2002, ó ní àwọn kan ń pe ẹgbẹ́ àwọn ní ẹgbẹ́ onínú burúkú. David Cameron tó di olórí wọn gbọ́ ìkìlọ̀ náà, ó rọ ohùn ẹgbẹ́ náà láti 2005, ẹgbẹ́ náà sì padà sórí oyè pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ẹgbẹ́ Liberal Democrat ní 2010. Brexit ló tú u ká. Ìdá 59.9 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó dìbò ní London ní 2016 ló fẹ́ kí wọ́n dúró sínú Yúróòpù. Ẹgbẹ́ náà wá di ti àwọn tó fẹ́ jáde. Ní 2019, ó gba ìlú kéékèèké ní ìhà àríwá, ṣùgbọ́n ó sọ Putney nù ní London, ìjókòó kan ṣoṣo tí Labour gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn lọ́jọ́ náà.

Ìṣirò kan wà tí ọ̀pọ̀ olùdarí ẹgbẹ́ máa ń gbàgbé, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà á. Àyàfi erékùṣù díẹ̀, iye olùdìbò nínú ẹkùn ìdìbò kan ní Ìlú Ọba gbọ́dọ̀ wà láàrin 69,724 àti 77,062. Ká mú 73,000. Bí ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún bá jáde, ìbò bíi 44,000 nìyẹn. Ká ní Conservative ní 19,000, Labour ní 17,000, àwọn yòókù pín 8,000. Conservative fi 2,000 wọlé. Ká wá ní 1,500 nínú àwọn tirẹ̀ bínú, wọ́n lọ bá ẹgbẹ́ Reform ní apá ọ̀tún. Ó ku 17,500, Labour ṣì wà lórí 17,000: ó ṣì wọlé. Ṣùgbọ́n bí 1,500 kan náà bá jẹ́ aláàrin tó sọdá sọ́dọ̀ Labour tààrà, 17,500 ni yóò kojú 18,500: ó ti wọmi. Ẹni tó sọdá sọ́dọ̀ ẹni tí ẹ jọ ń du àga, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń dunni: ó yọ kúrò lára tìrẹ, ó tún kún tọ̀tá.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2024 bá ìṣirò yìí mu. Reform kó ìdá 14.3 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò, ìjókòó márùn-ún ló rí. Liberal Democrat kó ìdá 12.2, ó sì kó ìjókòó 72, ọ̀pọ̀ nínú wọn ní àwọn ìlú ọlọ́lá tó ti jẹ́ ti Conservative látayébáyé. Maidenhead tí May ti ń lọ sílé ìgbìmọ̀, Witney ti Cameron, Henley ti Boris Johnson, gbogbo wọn lọ. Síbẹ̀ mi ò ní fi apá kan sílẹ̀: ìbò tí Reform fà ya náà pa wọ́n lára ní ọ̀pọ̀ ibi tí Labour kò ti fi púpọ̀ jù wọ́n. Ìdí nìyẹn tí olórí wọn kì í fi rí oorun sùn. Bó bá pariwo nípa àjèjì láti fi pe àwọn ti Reform padà, ará Putney á gbọ́. Bó bá dákẹ́ nítorí ará Putney, ará Romford á lọ.

Kì í ṣe Ìlú Ọba nìkan. Ní Kánádà, ẹgbẹ́ Conservative ibẹ̀ kó ìbò tó ju ti Liberal lọ ní 2019 àti 2021, Liberal ló sì ṣèjọba, nítorí òkìtì ìbò Conservative wà ní Alberta níbi tí wọn ò ti nílò rẹ̀ mọ́. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin ọdún 2025, olórí wọn, Pierre Poilievre, sọ ìjókòó tirẹ̀ nù. Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn rẹ̀, ó ṣẹlẹ̀ sí Peter Dutton, olórí ẹgbẹ́ Liberal ti Ọsirélíà, èyí tó jẹ́ pé òun ni ẹgbẹ́ onípamọ́ tiwọn lọ́hùn-ún.

Ṣé ìlú ńlá wá kórìíra wọn ni? Rárá. Wandsworth wà ní gúúsù London, Conservative ló sì ń darí káńsù rẹ̀ láti 1978 títí di 2022. Ọdún mẹ́rìnlélógójì! Ohun tí wọ́n ń ṣe kò ṣòro láti sọ: wọ́n jẹ́ kí owó káńsù wà lára àwọn tó kéré jù ní gbogbo ilẹ̀ náà, wọ́n ń kó ìdọ̀tí lákòókò, wọ́n ń gbálẹ̀ òpópónà. Àwọn èèyàn kan náà ń yan Labour lọ sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin láti Tooting láti 1974, wọ́n sì ń yan Conservative sí káńsù. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe: ẹni tó ń kó ìdọ̀tí dáadáa, ẹ jẹ́ kó máa kó o, ẹni tó ń bú àwọn aládùúgbò wọn lórí tẹlifíṣàn, kó jókòó sílé. Nígbà tí ariwo orí tẹlifíṣàn wá pọ̀ ju iṣẹ́ gbálẹ̀gbálẹ̀ lọ, káńsù náà bọ́, káńsù Westminster tí wọn ò sọ nù rí láti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sì bọ́ lọ́jọ́ kan náà.

Uxbridge ló tún ṣì wọ́n lọ́nà. Ní oṣù Keje ọdún 2023, wọ́n fi ìbò 495 péré gba ìdìbò àfirọ́pò níbẹ̀, nítorí àwọn ọlọ́kọ̀ bínú sí owó 12.50 pọ́n-ùn lójúmọ́ tí olórí ìlú London, Sadiq Khan, fẹ́ máa gbà lórí mọ́tò àtijọ́ tó ń tú èéfín. Wọ́n rò pé àwọn ti rí àgbo ìwòsàn gbogbo London. Susan Hall, olùdíje wọn, gbé e ka iwájú nínú ìbò olórí ìlú ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024. Khan rí ìdá 43.8, òun rí 32.7. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, Uxbridge fúnra rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Labour. Etí ìlú ni Uxbridge wà. Ohun tó ń dun ẹni tó ní mọ́tò ní etí ìlú kì í dun ẹni tó ń wọ bọ́ọ̀sì ní Peckham. Èéfín yẹn gan-an ni ọmọ rẹ̀ ń fà símú.

Àwa ará Ìbàdàn kò yẹ kó yà lẹ́nu. Action Group ń ṣe ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn láti Agodi, olórí wọn ń gbé Òkè-Àdó, síbẹ̀ Mábọ̀lájé àti NCNC lábẹ́ Adégòkè Adélabù ló gba ìgbìmọ̀ ìlú Ìbàdàn ní 1954. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ láàrin ọmọ bíbí ìlú àti àwọn àtìpó, pàápàá àwọn Ìjẹ̀bú, wà nínú ohun tó fà á, owó orí náà sì wà níbẹ̀. Ẹgbẹ́ tó ní ètò ẹ̀kọ́ tó dára jù lọ́wọ́ kò rí ìlú tó ń gbé mú, nítorí ìlú náà rò pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń bá pa nǹkan mọ́. Èrò yẹn ló wà lọ́kàn ayálégbé London lónìí.

Ní ti Badenoch: wọ́n bí i ní Wimbledon, Èkó ni wọ́n ti tọ́ ọ, kò sì fi Yorùbá rẹ̀ pa mọ́. Ìyẹn ń dùn mọ́ wa nínú, ṣùgbọ́n ẹ̀yà nìkan kì í fa ìbò. Àwọn tí ìdílé wọn wá láti òkè òkun ń dìbò fún Conservative bí ọ̀rọ̀ bá kàn wọ́n: Harrow East, níbi tí àwọn ẹlẹ́sìn Hindu pọ̀ sí, ni ìjókòó kan ṣoṣo tí ẹgbẹ́ náà ti kó ju ìdajì ìbò lọ ní 2024. Leicester East ni ìjókòó kan ṣoṣo tó gbà lọ́wọ́ Labour lọ́dún náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn aṣòfin Labour àná méjì tó díje níbẹ̀ láìsí lábẹ́ Labour wà nínú ohun tó fọ́ ìbò Labour. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí nọ́ọ̀sì bí ọmọ yín ń gbọ́. Ní oṣù Kejì ọdún 2025, Badenoch kéde pé òun fẹ́ kí ọdún tí àjèjì yóò lò kó tó gba ìwé ìgbélùú títí láé kúrò ní márùn-ún, kó di mẹ́wàá. Labour náà kéde irú rẹ̀ ní oṣù Karùn-ún, nítorí náà kò sí ẹni tó mọ́ níbẹ̀. Síbẹ̀ ẹni tó ń ka ọdún tó kù fún òun lórí kàlẹ́ńdà ilé ìdáná, ẹgbẹ́ tó kọ́kọ́ ní kó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ ni kì í gbàgbé.

Ó kan ìwé ìrìnnà. Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ yín lè dìbò. Nàìjíríà wà nínú Commonwealth, ọmọ Commonwealth tó bá ti pé ọdún 18, tó ń gbé Ìlú Ọba, tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ sì pé, lẹ́tọ̀ọ́ láti yan aṣòfin àti káńsù. Kó forúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó fi àdírẹ́sì ibi tó ń gbé sí i. Ó gbọ́dọ̀ ṣe é, ó pẹ́ tán, ọjọ́ iṣẹ́ méjìlá ṣáájú ọjọ́ ìbò. Bó bá kó kúrò ní yàrá kan sí òmíràn, kó tún un ṣe, nítorí ibẹ̀ ni ìbò àwọn ayálégbé ti ń sọnù jù. Lọ́jọ́ ìbò, wọn yóò béèrè káàdì tó ní fọ́tò. Wọ́n ń gba ìwé ìrìnnà Nàìjíríà, kódà bí ọjọ́ rẹ̀ bá ti kọjá, bí ojú inú fọ́tò náà bá ṣì jọ tirẹ̀.